Aṣọ Tí A Rán fún Ìdí Ọkọ̀

Plọ́ḿbà ni ọkùnrin náà. Páìpù omi ló fi ayé rẹ̀ ṣe, títí tí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ láti kúnlẹ̀ mọ́. Orí àtẹ̀gùn kan náà ni a jọ ń gbé, ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, tèmi lọ́wọ́ òsì. Télọ̀ ni mí. Tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ síbi ẹ̀rọ ìránṣọ, tí òun náà bá ṣí tirẹ̀, mo máa ń rí tábìlì rẹ̀ tààrà.

Lórí tábìlì náà ló ti ń kan ọkọ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ gidi. Ọkọ̀ oníke ni, kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́ lọ. Wọ́n ń tà á ní wẹ́wẹ́ nínú páálí, ẹni tó bá rà á ni yóò tò ó fúnra rẹ̀. Oríṣi kan ṣoṣo ló ń tò, ọkọ̀ ogun tó ń rìn lábẹ́ omi, irú ti ayé òde òní. Dúdú ni wọ́n, wọ́n rí roboto, wọn ò ní fèrèsé. Ohun kan ṣoṣo tó yọ lára wọn ni ilé kékeré tó dúró lórí ẹ̀yìn wọn bí iké.

Atukọ̀ ni àwọn ará ilé ń pè é. Ìyá Afọṣọ tó ń gbé nísàlẹ̀, tó ń fọ aṣọ ibùsùn fún ilé ìtura, ló sọ ọ́ lórúkọ náà. Ẹ̀fẹ̀ ni. Gbogbo wa mọ̀ pé ọkùnrin náà ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Odò kan la ìlú wa kọjá, ọkọ̀ sì wà tó ń gbé èèyàn sọdá. Ọ̀nà orí afárá ló máa ń gbà, ó jìn, ì báà jẹ́ nínú òjò, pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ léjìká.

"Omi inú páìpù ni mo mọ̀," ó máa ń wí. "Mo mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ mí. Èyí tó tẹ́jú lọ bẹ́ẹ̀ un, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń rò."

Ọmọ kan ló bí, ọkùnrin. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tí ọmọ ń parí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn méjèèjì ló kù, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń gbé pọ̀. Nírọ̀lẹ́ ni mo máa ń gbọ́ ohùn wọn. Bàbá á sọ ohun tó pàdé lẹ́nu iṣẹ́. Á ní: "Ẹ̀rọ omi kan wà lókè, tí wọ́n bá ti tìsàlẹ̀ pa ló tó ń ké. Kí ló dé?" Ọmọ á rò ó, á dáhùn. Bàbá á ní irọ́ ni. Wọ́n á jiyàn títí oúnjẹ á fi tutù. Ọ̀rọ̀ wọn ò ju páìpù lọ, ṣùgbọ́n ilé ń dún.

Ọmọ náà wọ iṣẹ́ ológun ojú omi. Wọ́n yàn án sínú ọkọ̀ abẹ́ omi. Bàbá rẹ̀ ò ní kó má lọ. Ó bi í bóyá ó mọ ohun tó ń ṣe. Ọmọ ní òun mọ̀. Bàbá ní ó dáa, ó sì bá a di ẹrù rẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́ tí ọmọ náà ti òkun dé, wọ́n pè mí wá jẹun. Ó ti pẹ́ tí bàbá ti ń kó ìbéèrè jọ.

"Ibo lẹ lọ?"

"Mi ò lè sọ, Bàbá."

"Ṣé ẹ jìn sísàlẹ̀ gan-an?"

"Mi ò lè sọ."

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbẹ̀?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí.

"Ó dáa. Kí lẹ ń jẹ?"

"Oúnjẹ."

"Oúnjẹ." Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀. "Èyí tí mo fẹ́ béèrè yìí, oníṣẹ́ ló ń béèrè ẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín. Omi òkun ń ti ọkọ̀ láti ìta bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Ọ̀nà wo lohun tó wà nínú ilé ń gbà bọ́ síta tí tìta ò fi wọlé?"

Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Mo rò pé yóò dáhùn.

"Bàbá, mi ò lè sọ."

"Ìgbẹ́ náà, àṣírí ni?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, Bàbá."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín tán, kò sí ohun tó kù láti sọ. Bàbá ti fẹ̀yìn tì, kò lọ síbi tí páìpù kankan ti ń ké mọ́. Ọmọ ní tirẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ nínú, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ̀kan jáde. Títí tí ìsinmi ọmọ náà fi tán, ìró ṣíbí lára àwo ni mo ń gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wọn.

Tó bá ti wọnú ọkọ̀ lọ, omi pa dé lórí ẹ̀ nìyẹn. Kò sí ìpè, kò sí iṣẹ́ tó lè rán sílé. Ìgbà òjò lè dé kó sì lọ. Lákọ̀ọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwo oúnjẹ rẹ̀ ni bàbá máa ń gbé fóònù sí. Nígbà tó yá ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo bi í pé kí ló dé.

"Ó ń wò mí," ó ní.

Ibi iṣẹ́ ló ti rí ọkọ̀ oníke, ọ̀kan nínú iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí àwọn oníbàárà àtijọ́ ṣì ń bẹ̀ ẹ́ fún. Bàsíà ìfọwọ́ kan ń jò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣeré. Nígbà tó dìde nílẹ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sórí páálí kan. Àwòrán tó wà lára ẹ̀, irú ọkọ̀ tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ẹ̀ gan-an ni. Orúkọ irú ọkọ̀ náà ò pamọ́, ìwé ìròyìn ti gbé e rí. Òun nìkan ni nǹkan tí bàbá mọ̀.

"Ọmọdé ló ni èyí?" ó bi obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù.

"Onísùúrù ló ni ín, Bàbá," obìnrin náà ní.

Ó rà á. Ó bà á jẹ́. Kò mọ̀ pé gúlúù tí wọ́n fi ń tò ó kì í ṣe irú tiwa. Ńṣe ló ń yọ́ ike díẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè di ara kan. Plọ́ḿbà kì í fi gúlúù ṣahun. Ó dà á sí i bí ẹni ń lẹ páìpù ilé ìdáná. Ikùn ọkọ̀ náà jìn wọnú, àmì àtàǹpàkò rẹ̀ sì hàn lára ẹ̀ kedere, gbogbo ìlà rẹ̀. Ó gbé e sórí táńkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Kò ra irú rẹ̀ mọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun ò ní fi ọkọ̀ ọmọ òun kọ́ṣẹ́. Ọkọ̀ abẹ́ omi ti ìlú àwọn ẹlòmíràn ló fi ń kọ́ ọ, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Bí ó ṣe ń ṣe é nìyí. Àwọn wẹ́wẹ́ náà so mọ́ ẹ̀ka ike bí èso. Ó ń fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gé wọn, kì í já wọn. Ó ń fi ẹ̀mú kékeré gbé wọn, ó sì ń fi ẹnu bírọ́ọ̀ṣì kan gúlúù, ìwọ̀nba tí ẹyẹ fi ń mu omi. Ikùn ọkọ̀ máa ń wà ní ààbọ̀ méjì, òsì àti ọ̀tún. Ibi tí ààbọ̀ méjèèjì ti pàdé ni iṣẹ́ wà. Ọkọ̀ abẹ́ omi gidi ò ní ìlà níkùn, tí tìrẹ bá ní, ohun ìṣeré lo ṣe. Ó ń fi nǹkan funfun tó rọ̀ bí amọ̀ dí i, á jẹ́ kó gbẹ, á fi sáńpépà fá a, á tún dí i. Lẹ́yìn náà á pa ojú dé, á fa èékánná kọjá lórí ẹ̀. Tí èékánná bá kọ́ nǹkan, kò tíì tán nìyẹn.

Ohun tó wá ń ṣe lẹ́yìn èyí, mi ò rò pé ẹlòmíràn ń ṣe é. Kó tó lẹ ààbọ̀ méjèèjì pọ̀, ó máa ń kó òjé sínú ikùn ọkọ̀, àjákù tó ṣẹ́kù lára páìpù àtijọ́, kó lè wúwo. Tó bá lẹ̀ ẹ́ tán, tó fá a tán, kó tó kùn ún lọ́dà, á pọn omi sínú ọpọ́n ńlá, á sì rì í. Á tẹjú mọ́ ọn. Tí ìfófò afẹ́fẹ́ kan bá yọ, á fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀, á gbé ọkọ̀ náà sá, á tún ibẹ̀ dí. Ọjọ́ kejì, omi.

Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù ti sọ fún un pé orí pẹpẹ ni wọ́n ṣe é fún, kò ní í dé inú omi láéláé.

"Èyí tó ń jò, ó ń jò ni," ó ní. "Orí pẹpẹ kì í di ihò."

Ìyá Afọṣọ ló ni ọpọ́n náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó gòkè wá gbà á. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, mo ń gbọ́ wọn.

"Bàbá Atukọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọpọ́n mi. Aṣọ ilé ìtura ń dúró."

"Ẹ mú sùúrù díẹ̀. Ó ṣì ń mí."

"Kí ló ń mí?"

"Ọkọ̀. Ẹ wò ó, ìdí ilé orí ẹ̀ ló ti ń yọ."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí. Ẹni tí ò lè wọ ọkọ̀ sọdá odò ló ń ri ọkọ̀ nínú ọpọ́n ìfọṣọ mi."

"Èmi kọ́ ló wà nínú ẹ̀," ó ní.

Kò pariwo sọ ọ́. Ojú rẹ̀ ò kúrò lórí omi. Ìyá Afọṣọ nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀.

"Ẹ máa lò ó," ó ní. "Mo ní òmíràn."

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ. Kò béèrè ọpọ́n náà mọ́ di òní.

Nígbà tí iṣẹ́ náà ti mọ́ Atukọ̀ lára, ó lọ ra ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kò yára. Ní ọjọ́ tó fẹ́ rì í, ó kan ilẹ̀kùn mi.

"Télọ̀, wá wo nǹkan."

Mo tẹ̀lé e. A dúró sórí ọpọ́n náà, àgbàlagbà méjì, à ń wo omi tí ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀. Ọkọ̀ náà jókòó sísàlẹ̀ rọra. A wò ó pẹ́.

"Kò mí," mo ní.

"Má fẹnu ẹ sọ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Sọ pé kò jò."

"Kò jò, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Ó kùn ún lọ́dà dúdú tí kì í dán. Ó lẹ ojú gígùn tí wọ́n fi ń yọjú wo òkè omi mọ́ orí ẹ̀, kò nípọn ju irun ìgbálẹ̀ lọ. Ó fi apá kéékèèké tó dà bí lẹbẹ ẹja sí i. Ó parí ohun gbogbo àfi ìdí.

Ní ìdí ọkọ̀ abẹ́ omi ni abẹ̀bẹ̀ tó ń tì í lọ wà. Oríṣi méjì ló wà nínú páálí náà. Ọ̀kan ní ewé tó tẹ̀ bí dòjé, gbogbo rẹ̀ wà ní ìta gbangba. Èkejì fara pamọ́ sínú òrùka, bí agolo tí wọ́n yọ ìdérí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìwé tó wà nínú páálí ní kí ẹni tó rà á yan èyí tó bá fẹ́. Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù ló ṣàlàyé. Ó ní àwọn tó ṣe páálí náà ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Abẹ̀bẹ̀ yẹn ni wọ́n ń fi pamọ́ jù. Iwájú ọkọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ni àwòrán rẹ̀ wà níta.

Atukọ̀ kó àwọn méjèèjì sínú àwo kékeré kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà. Ihò kékeré tí kò dé inú wà ní ìdí ọkọ̀, níbi tí abẹ̀bẹ̀ yóò wọ̀.

"Ẹ yan ọ̀kan, Ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Ta ni yóò mọ̀?"

"Ọmọ mi á mọ̀."

"Kò ní í sọ fún yín."

"Mi ò béèrè ibi tó lọ mọ́. Mi ò béèrè ìgbẹ́ mọ́." Ó fi ìka yí àwo náà díẹ̀. "Tó bá sọ èyí nìkan fún mi, mo ti mọ nǹkan kan nípa ibi tó wà nìyẹn. Nǹkan kan ṣoṣo. A sì lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ibẹ̀."

"Tí kò bá wá sọ ńkọ́?"

"Á sọ."

Ó ń dúró. Tí oòrùn bá ti dé ojú fèrèsé, á gbé ọkọ̀ náà kúrò níbẹ̀ kí ọ̀dà má baà ṣá. Tí oòrùn bá yí, á gbé e padà. Ìdúró ló ń jẹun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Rédíò nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀, òun náà sì máa ń dá a lóhùn nígbà mìíràn. Nígbà kan mo gbọ́ tó ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́," mo sì yọjú láti wo ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́nì kan.

Ọmọ náà dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan láìròtẹ́lẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣì bí aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀fìnkìn ń dà á láàmú. Gbogbo àtẹ̀gùn ni a ti ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Ó jẹun, ó sùn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́ dáadáa. Nígbà tó jí ni bàbá rẹ̀ pè mí. Mo rò pé ẹlẹ́rìí ló ń wá.

Ọmọ náà gbé ọkọ̀ náà lọ sójú ìmọ́lẹ̀. Ó pa ojú dé, ó fa èékánná kọjá níkùn rẹ̀, bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe gẹ́lẹ́.

"Kò sí ojú ìpàdé," ó ní.

Bàbá rẹ̀ na ẹ̀yìn sókè.

"Mo rì í," ó ní. "Kò jò."

"Ẹ rì í?"

"Nínú ọpọ́n. Kò jò rárá."

Ọmọ náà wojú bàbá rẹ̀ pẹ́. Nígbà náà ni ojú rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀, ó rí ihò, ó rí àwo tó wà lórí tábìlì. Ó gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Èwo ni?" bàbá ní.

"Bàbá."

"Mi ò ní kó o sọ̀rọ̀. Màá na ìka sí ọ̀kan, màá na ìka sí èkejì. Tó o bá rí i, wúkọ́."

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi."

"Wọn ò ní kí ológun má wúkọ́. Láti àná lo ti ń wúkọ́."

"Mo búra, Bàbá."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Àbí Télọ̀ yìí ni amí?"

Mo ní mo ń lọ sílé, áyọ́ọ̀nù mi wà lórí iná.

"Jókòó," Atukọ̀ ní.

Mo jókòó. Ó na ìka sí èyí tó ní ewé níta. Ọmọ náà dúró gbọin, ẹnu rẹ̀ pa dé. Ó na ìka sí èyí tó wà nínú òrùka. Ọmọ náà ò mira. Ṣùgbọ́n ikọ́ ti gùn ún lọ́fun, ikọ́ òtítọ́. Mo rí i bó ṣe ń gbé e mì. Ọrùn rẹ̀ wú. Ojú rẹ̀ pọ́n. Bàbá tún gbé ìka padà sí ti àkọ́kọ́. Ọmọ náà yíjú, ó rìn jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé, ó sì sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá kó tó wúkọ́. Ó wú u, ó wú u. A gbọ́ Ìyá Afọṣọ tó ń bi í bóyá kó fún un lómi.

Ẹ̀rín pa mí. Mo wo Atukọ̀, ẹ̀rín náà kú lẹ́nu mi.

"Ọmọ tí mo bí," ó ní. "Kò lè wúkọ́ lójú mi."

Ìró ṣíbí lára àwo ló tún kù. Nígbà tí mo tún rí ọkọ̀ náà, ìdí rẹ̀ ti kọjú sí ògiri, àwo kékeré náà ò sì sí lórí tábìlì mọ́. Mo rò pé ó ti yan ọ̀kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ọmọ náà fẹ́ padà, ó kan ilẹ̀kùn mi.

"Bàbá Télọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní àjákù aṣọ kan."

"Irú èwo?"

"Èyíkéyìí, kí ìmọ́lẹ̀ má sáà là á kọjá."

Mo fún un ní àjákù aṣọ dúdú kan, èyí tó kù lára àpò tí mo rán. Kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó kọjá sí ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, kò sì ti ilẹ̀kùn.

Atukọ̀ jókòó sídìí tábìlì, tíì wà níwájú rẹ̀. Ọmọ náà fi ọwọ́ wá ìdí ọkọ̀ láti ẹ̀yìn, kò wò ó. Ojú bàbá rẹ̀ ló ń wò. Ó ju aṣọ náà bo ìdí ọkọ̀ kó tó yí i padà.

"Tí wọ́n bá gbé e gòkè," ó ní, "kí omi tó gbẹ lára ẹ̀, wọ́n á ti fi aṣọ bò ó níbí. Ẹni tó bá dúró létíkun á rí aṣọ náà. Wọn ò ní kí n má sọ èyí."

Atukọ̀ wo aṣọ náà.

"Aṣọ," ó ní.

"Aṣọ tó nípọn."

"Kí ni wọ́n fi ń dì í?"

"Okùn."

"Òkè ni wọ́n ti ń dì í ni, àbí ìsàlẹ̀?"

"Ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dì í lókè, afẹ́fẹ́ á wọ abẹ́ ẹ̀, á gbé e lọ."

"Irọ́. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ lo so pọ̀, òjò á dúró sínú ẹ̀ bí àpò."

"A máa ń lu ihò sí i."

"Ihò. Níbo?"

"Níbi tó relẹ̀ jù."

"Ihò kan?"

"Kan ti tó."

"Kan ò lè tó. Tí ìdọ̀tí bá dí i ńkọ́? O ò kọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ mi."

"Bàbá, èmi ni mo ń dì í. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń dì í."

"Ìwọ lò ń dì í?"

"Èmi àti ẹnì kan."

"Ta ni?"

"Ẹnì kan. Ó ga jù mí lọ. Òun ló ń mú òkè."

Mo ti dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn méjèèjì pọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ń gun orí èkejì. Tíì náà tutù sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n pè mí kí n wá parí ìjà. Mo mú téèpù lọ. Mo wọn ìdí ọkọ̀ náà láti orí aṣọ, wọn ò jẹ́ kí n ṣí i, bàbá ò jẹ́, ọmọ ò jẹ́. Mo ká etí rẹ̀, mo ki okùn bọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ bí ọmọ ti wí, mo sì lu ihò méjì sí i bí bàbá ti wí. Mi ò rán aṣọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí, kódà fún ọmọ tuntun.

Ìyá Afọṣọ gbọ́ ariwo wa, ó gòkè wá.

"Kí nìyí?"

"Aṣọ ìdí ọkọ̀," mo ní.

Ó gbé e sójú ọwọ́, ó wo ojú rírán rẹ̀. "Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ pé lé aṣọ ìdí lórí láti àárọ̀. Tó bá dọ̀tí, ẹ mú un wá. Mi ò ní fi í pọ̀ mọ́ ti ilé ìtura."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Lójú ẹsẹ̀ ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá náà ń wò ó.

"Èyí, ikọ́ lásán ni," ọmọ náà ní.

"Mo mọ̀," bàbá rẹ̀ ní.

Ọjọ́ kejì ó lọ. Atukọ̀ sìn ín dé ẹnu àtẹ̀gùn, orúnkún rẹ̀ ò jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà ti dé ìsàlẹ̀ nígbà tó tún gbójú sókè.

"Bàbá, tí ọkọ̀ bá ti padà sómi, wọ́n á yọ aṣọ náà."

"Ó dáa," bàbá ní.

Ó wọlé. Ó tú okùn náà, ó yọ aṣọ kúrò, ó gbé e kọ́ ìṣó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó yí ìdí ọkọ̀ náà sí ògiri kó tó kúrò níwájú ẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mi.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "èwo lẹ fi sí i?"

"Mi ò lè sọ," ó ní.

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó sì ṣí rédíò.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n kà. Tí aṣọ bá wà lára ọkọ̀, ọmọ wà nílé. Tó bá wà lórí ìṣó, ọmọ wà nínú omi. Tí Ìyá Afọṣọ bá ń sá aṣọ ní àgbàlá, ó máa ń gbójú sókè wo fèrèsé náà. Kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Atukọ̀. Àwa náà kì í béèrè.

Lẹ́ẹ̀kan ni aṣọ náà ti padà sára ọkọ̀ látìgbà náà, ìgbà kúkúrú. Wọ́n sọ̀rọ̀ okùn. Ọmọ náà ní wọ́n ti fún àwọn ní irú tuntun, èyí tí kì í wú nínú omi. Bàbá ní kò sí okùn tí kì í wú. Wọ́n fi ọjọ́ kan jiyàn lórí ẹ̀. Bàbá sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, ó sì tún un sọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bí ẹni pé mi ò gbọ́ ọ rí. Mo jẹ́ kó sọ ọ́.

Èyí tí ọmọ náà lọ lẹ́yìn náà ti pẹ́. Aṣọ náà ti ń gba eruku lórí ìṣó. Atukọ̀ ò fi ọ̀rọ̀ náà lọ ẹnikẹ́ni. Ó ń gbé ọkọ̀ kúrò lójú oòrùn, ó ń gbé e padà. Ó ń jẹun lórí ìdúró.

Lánàá ó kọjá sí ọ̀dọ̀ mi, aṣọ náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní kí n bá òun wo okùn rẹ̀, ó jọ pé ó fẹ́ já. Mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, mo fi ọwọ́ fà á. Kò fẹ́ já. Okùn náà le bí ọjọ́ tí mo ki í bọ̀ ọ́.

"Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n," mo ní. "Ó ń fẹ́ ọwọ́."

Ó jókòó. Mo tú etí aṣọ náà, mo sì rọra rán an padà, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni mo fi rán an kí ìjókòó wa lè pẹ́. Ó ń wò mí. Ó sọ̀rọ̀ nípa ihò méjèèjì, pé òun sọ pé kan ò lè tó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí mo já òwú, ó gba aṣọ náà, ó dúpẹ́, ó sì padà lọ gbé e kọ́ ìṣó.